Ìyá Tó Fi Ọ̀nà Fáìlì Hàn Mí

Ọjọ́ Ajé kan ni mo kọ́kọ́ dé Ìgbọ́kọ̀dá. Lẹ́tà tí wọ́n fi gbé mi lọ síbẹ̀ wà nínú báàgì mi, ojú mi sì pọ́n nítorí ẹkún tí mo sun nínú mọ́tò láti Àkúrẹ́. Ọmọ Èkìtì ni mí. Àpáta ló yí ibi tí wọ́n bí mi sí ká. Omi tó tóbi jù tí mo mọ̀ kí n tó gba iṣẹ́ ìjọba ni odò tí a máa ń là kọjá lọ sóko, tí kì í sábà kọjá orúnkún. Nígbà tí mo wá sọ nílé pé ẹ̀ka ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ fẹ́ kí n lọ ṣiṣẹ́ ní Ìlàjẹ, níbi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ síbi iṣẹ́, ìyá mi ní kí n kọ̀wé fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Mi ò kọ̀wé. Ọdún mẹ́ta ni mo fi wá iṣẹ́ kí n tó rí i.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan nítòsí èbúté ni ọ́fíìsì wa wà. Ènìyàn mẹ́ta ni mo bá níbẹ̀. Ọ̀gá wa jẹ́ ọkùnrin Ọ̀wọ̀ kan tí kì í pariwo, tó máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tán kó tó fèsì. Dírẹ́bà wà, tí ìjọba fún ní mọ́tò, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sí títì lọ síbi tí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ wa wà. Ó máa ń fọ mọ́tò náà láràárọ̀ bí ẹni tó ń lọ síbi ìgbéyàwó. Ẹni kẹta ni ìyá akọ̀wé tó ń tọ́jú fáìlì. Ọmọ bíbí Etikan ní Ìlàjẹ ni, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó sì ti bá ọ̀gá mẹ́fà ṣiṣẹ́ nínú yàrá kan ṣoṣo. Òun gan-an ni mo torí rẹ̀ jókòó kọ èyí.

Lójú ìwé, mo ju ìyá náà lọ. Mo ti lọ sí yunifásítì, ipò mi sì ga ju tirẹ̀ lọ. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ nígbà tó ń kí mi, ó ní, "Ẹ káàbọ̀ mà." Ìtìjú bá mi. Mo dọ̀bálẹ̀ tán kó tó dìde, èmi obìnrin, nítorí mi ò mọ ohun tí mò ń ṣe mọ́. Ó bú sẹ́rìn-ín. Dírẹ́bà náà rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè mí ní ẹ̀yin." Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń pè mí ní "ọma mi", bí wọ́n ṣe ń pe ọmọ ní Ìlàjẹ.

Lọ́sẹ̀ yẹn, ó mú mi wọ yàrá fáìlì, ó ya igi kan sẹ́yìn ìwé àtijọ́, ó sì ya ẹ̀ka sára igi náà.

"Mínísítà wà l'Ábújá lókè yìí," ó ní. "Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kì í dé ọ̀dọ̀ wa ní tààrà. Ó ń gba Àkúrẹ́. Kọ̀ǹtírólà ló wà ní Àkúrẹ́, òun ni ọ̀gá gbogbo wa ní ìpínlẹ̀ yìí. Lábẹ́ rẹ̀, ẹ̀ka mẹ́rin. Àwọn kan ń lọ wo ibi iṣẹ́ bóyá ó bófin mu. Àwọn kan ń parí ìjà láàárín òṣìṣẹ́ àti ẹni tó gbà wọ́n. Àwọn kan ń kọ orúkọ àwọn tó ń wáṣẹ́. Àwọn kan sì ń bójú tó ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ṣé ó yé ọ?"

"Ó yé mi, mà. Àwa ńkọ́? Ẹ̀ka wo ni tiwa?"

"Gbogbo rẹ̀. Ìwọ àti ọ̀gá ni ẹ̀ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin."

Lẹ́yìn náà ló fi bí fáìlì ṣe ń rìn hàn mí. Gbogbo ìwé tó bá wọlé, ó gbọ́dọ̀ gba nọ́ńbà pupa ní igun òkè, kí ẹnikẹ́ni má bàa yọ ọ̀kan lójú ọ̀nà. Tí ọ̀gá bá ní ohun tó fẹ́ sọ nípa ìwé náà, kì í wá sọ ọ́ lẹ́nu. Ó máa kọ ọ́ sójú ewé iwájú, yóò fọwọ́ sí i, yóò sì kọ ọjọ́. Mínìtì ni wọ́n ń pè é. Tí ọ̀rọ̀ kò bá tíì tán, wọ́n á kọ lẹ́tà méjì, B àti U, ìyẹn "gbé e padà wá" lédè Òyìnbó, pẹ̀lú ọjọ́ kan. Ìyá náà á wá kọ ọjọ́ náà sínú ìwé gbọ̀ọ̀rọ̀ kan tó ní, tó bá sì di ọjọ́ náà, á gbé fáìlì yẹn padà sórí tábìlì ẹni tó ni ín, bóyá onítọ̀hún rántí o, bóyá kò rántí o. Mo gbọ́, mo mi orí. Lọ́kàn mi, mo rò pé iṣẹ́ àwọn tí kò lọ sí yunifásítì ni.

Iṣẹ́ ńlá àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé fún mi ni ilé yìnyín kan lẹ́bàá omi, kọjá Mahintedo. Ẹja àti edé ni wọ́n ń rà níbẹ̀ lọ́wọ́ àwọn apẹja, wọ́n á dà á sínú yìnyín, wọ́n á sì kó o lọ sí ìlú ńlá. Àwọn obìnrin láti Etikan àti Abereke ló ń bó edé náà. Ẹnì kan ti wá sọ fún ọ̀gá wa pé ọwọ́ wọn ń bàjẹ́.

Àárọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ lọ, ìyá náà yọjú láti yàrá rẹ̀. "Ọma mi, wo fáìlì ilé yìnyín yẹn kó o tó lọ."

"Mo ti kà á, mà."

"Tún un wò."

Ọkọ̀ ti fẹ́ gbéra. Mi ò tún un wò. Mo sáré lọ sí èbúté, mo jókòó sáàárín ọkọ̀, mo di igi ìjókòó mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Gbogbo ìgbà tí ìgbì bá gbé wa sókè ni mò ń pe Jésù. Obìnrin kan tó gbé agbọ̀n ẹja sórí ẹsẹ̀ sùn fọnfọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Nígbà tí mo dé ilé yìnyín, máníjà jáde sí mi. Ọ̀dọ́kùnrin tó mọ́ tónítóní ni. Mo sọ ẹni tí mo jẹ́. Ó kí mi dáadáa, ó wá béèrè pé, "Ìwé àṣẹ yín dà, mà?"

Mo fi káàdì iṣẹ́ mi hàn án. Ó ní káàdì yẹn sọ pé òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí, kò sọ pé kí n wọ ilé iṣẹ́ òun. Mo pariwo. Mo ní mo lè ti ibẹ̀ pa. Ó rọra dúró síwájú ilẹ̀kùn, ó ń wò mí. Mo rí àwọn obìnrin náà lẹ́yìn rẹ̀ láti ojú fèrèsé, wọ́n tẹ̀ ba lórí abọ́ ńláńlá, kò sí èyí tó gbójú sókè. Mo padà wọ ọkọ̀ tó gbé mi wá.

Mo retí pé ọ̀gá máa bínú sí máníjà náà. Kò bínú. Ó ní, "Ó tọ̀nà. Ilé onílé lo fẹ́ wọ̀. Òfin ló ń ṣílẹ̀kùn fún wa." Ìyá akọ̀wé gbé fáìlì náà sí iwájú mi, ó ṣí i. Ìwé àṣẹ mi wà níbẹ̀, orúkọ mi, fọ́tò mi, òǹtẹ̀ kọ̀ǹtírólà, nọ́ńbà pupa ní igun òkè. Ó ti dé láti Àkúrẹ́ lọ́jọ́ mẹ́ta ṣáájú. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ̀wé béèrè fún un lọ́jọ́ kejì tí mo débẹ̀.

Mo wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ sunkún. Nígbà tí mo jáde, ó ti gbé pupuru àti ọbẹ̀ ẹja sórí tábìlì mi, ó sì ti padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Kò fi ọ̀rọ̀ yẹn bú mi rí títí a fi pínyà.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ní òun máa bá mi lọ. Ọ̀gá gbà. Nínú ọkọ̀, ó jẹ́ kí n di etí ìró rẹ̀ mú bí ọmọdé. Lọ́tẹ̀ yìí, máníjà ka ìwé àṣẹ mi látòkè délẹ̀, ó sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ṣùgbọ́n ó tẹ̀ lé wa wọlé. Gbogbo ohun tí mo bá bi àwọn obìnrin náà, wọ́n á kọ́kọ́ wo ojú rẹ̀.

"Ṣé ẹ máa ń sinmi?"

"A máa ń sinmi, mà."

"Ṣé wọ́n fún yín ní ìbọ̀wọ́?"

"Ó wà, mà." Kò sí èyí tó wọ̀ ọ́.

Ìyá akọ̀wé yíjú sí máníjà. "Ọ̀gá, mo fẹ́ rí ìwé tí ẹ fi ń kọ orúkọ àwọn tó wá síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́. Mo gbọ́dọ̀ wò ó pẹ̀lú yín, ojú mi ò ríran dáadáa mọ́." Òfin fún wa láyè láti béèrè ìwé náà. Máníjà mú un lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ojú ìyá yẹn ríran ju tèmi lọ. Ó kàn fẹ́ kí máníjà kúrò níbẹ̀ ni. Nǹkan bíi wákàtí kan ni wọ́n fi wà níbẹ̀ tó ń béèrè ọ̀rọ̀ lórí ìlà kọ̀ọ̀kan.

Obìnrin kan tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó jókòó nítòsí ògiri, na ọwọ́ rẹ̀ sí mi. Awọ ìka rẹ̀ funfun, ó kákò, ó ya lójú ìpàdé egungun, èékánná méjì sì ti ń ṣí kúrò lára ẹran. Orí edé ló ń gún wọn, omi yìnyín ni kì í jẹ́ kó jiná. Ó ní, "Tí mo bá délé, mi ò lè di irun ọmọ mi. Ẹ má kọ orúkọ mi o."

Mo ní, "Mi ò ní kọ ọ́. Òfin kò gbà mí láyè láti sọ ẹni tó bá mi sọ̀rọ̀."

Ó wò mí bí ẹni tí kò gbà gbọ́. Mi ò mọ ohun tó mú mi ṣe é, mo ká apá aṣọ mi sókè, mo sì ki ọwọ́ bọ inú abọ́ tó wà níwájú rẹ̀. Òtútù náà gun apá mi dé èjìká. Kò pẹ́ tí mo fi yọ ọ́. Àwọn obìnrin náà rẹ́rìn-ín, àwọn tó kù sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ẹsẹ̀ lásán ni àwọn fi ń dúró nínú omi láti àárọ̀. Wọ́n ní tí àwọn bá dìde lọ yá iná, wọ́n á ní iṣẹ́ ń falẹ̀.

Ewé mẹ́jọ ni mo fi kọ ohun tí mo rí, gbogbo rẹ̀ ni inú bíbí. Ìyá akọ̀wé kà á, ó bọ́ gíláàsì rẹ̀. "Ọma mi, o bínú dáadáa. Nísinsìnyí, kọ ohun tí ojú rẹ rí. Lẹ́yìn náà, kọ ohun tí òfin wí. Lẹ́yìn náà, kọ ohun tí a fẹ́ kí wọ́n ṣe. Kọ̀ǹtírólà ní fáìlì tó ga tó báyìí lórí tábìlì." Mo tún un kọ, ó di ewé méjì. Ó fún un ní nọ́ńbà, a sì fi ránṣẹ́ sí Àkúrẹ́. Mo kọ B àti U sí i, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.

Ọ̀sẹ̀ kìíní kọjá, ọ̀sẹ̀ kejì kọjá, a ò gbọ́ nǹkan kan. Iṣẹ́ mìíràn wọlé, mo gbàgbé. Mo kàn máa ń sọ lẹ́nu pé àwọn ará Àkúrẹ́ kò bìkítà fún ẹni tó wà lórí omi. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, fáìlì ilé yìnyín wà lórí tábìlì mi.

"Ọjọ́ rẹ̀ pé lónìí," ìyá náà ní. "Lọ sí Àkúrẹ́ lọ wá a."

Dírẹ́bà wa rí ọ̀nà tó lè gbà wakọ̀, inú rẹ̀ dùn. Ní Àkúrẹ́, mo lọ sí ẹ̀ka tó ń lọ wo ibi iṣẹ́, mo ti múra ìjà. Wọ́n yẹ ìwé wọn wò, wọ́n ní kò dé ọ̀dọ̀ àwọn. A wá a títí, a rí i ní ẹ̀ka tó ń parí ìjà. Bàbá kan níbẹ̀ gbé e jáde, ó mọ́ tónítóní nínú àpò rẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, mo ti ń dúró de lẹ́tà ẹnì kejì tó ń jà. Mi ò rí i." Ó tọ́ka sí òkè ìwé náà. Ẹ̀ka tirẹ̀ ni mo kọ síbẹ̀. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́.

Mo fẹ́ kí ilẹ̀ la, kó gbé mi mì. Bàbá náà kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó dìde, ó gbé fáìlì náà dání fúnra rẹ̀, ó mú mi lọ sí ẹ̀ka tó yẹ, ó dúró tì mí títí wọ́n fi kọ mínìtì tiwọn, lẹ́yìn náà ló mú mi gòkè lọ bá kọ̀ǹtírólà. Iṣẹ́ tí fáìlì ì bá fi ọ̀sẹ̀ méjì ṣe, a fi wákàtí méjì ṣe é, nítorí pé bàbá àgbà kan gbà láti gun àtẹ̀gùn.

Kọ̀ǹtírólà jẹ́ obìnrin tó sanra, tó ń kàwé pẹ̀lú bírò lẹ́nu. Ó ka ewé méjì mi. Ó béèrè pé, "Omi yẹn, báwo ló ṣe tutù tó?"

Mo ní, "Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, mà. Mi ò lè fi í síbẹ̀ pẹ́."

"O ki ọwọ́ bọ̀ ọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó yọ bírò lẹ́nu, ó sì fọwọ́ sí ìwé ìkìlọ̀ tí a fẹ́ fún ilé iṣẹ́ náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fún wọn láti tún nǹkan ṣe.

Máníjà gba ìwé náà lọ́wọ́ mi. Lọ́jọ́ kẹta, ó wá sí ọ́fíìsì wa tìbínútìbínú. Ó ní a fẹ́ lé òun kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀gá wa fún un ní omi tútù, ó jẹ́ kó sọ tẹnu rẹ̀ tán. Lẹ́yìn náà ló béèrè pé, "Ìwọ náà, ṣé wọ́n fún ọ ní lẹ́tà tó sọ pé wọ́n gbà ọ́ síṣẹ́?"

Máníjà kò ní lẹ́tà. Kò tíì gba ìsinmi rí láti ọjọ́ tó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ni ilé yìnyín ń gbé ní Èkó, orí fóònù nìkan ni wọ́n ti ń bára wọn sọ̀rọ̀, ó sì ń bẹ̀rù láti béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀gá ní, "Nígbà náà, ìwé yìí ló máa bá ọ béèrè. Sọ fún un pé ìjọba ló sọ bẹ́ẹ̀." Ọkùnrin náà fi ọwọ́ nu ojú. Mo ti kórìíra rẹ̀ láti ọjọ́ tó dá mi padà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ọjọ́ yẹn ni mo rí i pé òṣìṣẹ́ ni òun náà, ẹni tí ọ́fíìsì wa wà fún.

Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí bàtà rọ́bà fi dé. Ìbọ̀wọ́ dé, ti ọkùnrin ni wọ́n rà, ó ń yọ kúrò lọ́wọ́ àwọn obìnrin náà, a ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, wọ́n sì pààrọ̀ rẹ̀. Wọ́n tẹ́ pákó sílẹ̀ kí ẹsẹ̀ má bàa wà nínú omi. Wọ́n gbà kí àwọn obìnrin máa dìde lọ yá iná. Obìnrin tó fi ọwọ́ hàn mí lọ rí dókítà, wọ́n sì gbé e lọ sídìí òṣùwọ̀n, níbi tí kò ti ní fọwọ́ kan yìnyín mọ́. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló bọ́ sí i. Lẹ́tà tó yẹ kí wọ́n fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan falẹ̀ ju ọdún kan lọ, àwọn mìíràn sì ti lọ kó tó dé. Títí dòní, inú mi kì í dùn tí mo bá rántí wọn.

Lọ́jọ́ kan, mẹ́rin nínú àwọn obìnrin náà wọ ọkọ̀ wá kí wa. Wọ́n gbé edé gbígbẹ wá, agbọ̀n kan tó kún. Ọ̀gá ní a ò lè gbà á, òfin iṣẹ́ ìjọba kò gbà. Ojú wọn rẹ̀wẹ̀sì. Ìyá akọ̀wé fi èdè wọn bá wọn sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ó ní ohun tí ìjọba lè gbà ni ìwé. Ó gbé bírò, wọ́n ń sọ, ó ń kọ, wọ́n ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ra wọn lẹ́nu, wọ́n sì tẹ àtàǹpàkò sí i. Mo ṣì mọ ìlà kan nínú rẹ̀: "A kò mọ̀ pé ẹnì kan wà níbì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti bi wá léèrè." Wọ́n gbé edé wọn padà lọ tà.

Ọdún márùn-ún ni mo lò ní Ìgbọ́kọ̀dá kí wọ́n tó gbé mi lọ síbòmíràn. Èmi náà ti di ọ̀gá ọ́fíìsì báyìí, níbi tí títì wà. Ìyá akọ̀wé ti fẹ̀yìn tì, ó ti padà sí Etikan.

Mo lọ kí i nínú oṣù tó kọjá. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló wá pàdé mi ní èbúté. Mo bá a lórí pẹpẹ iwájú ilé, ó ń yí ẹja padà lórí iná, èéfín bo ojú rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ sórí pákó. Ohun tí mo ti fẹ́ sọ láti ọdún mélòó kan wá, mo sọ ọ́: pé òun ló kọ́ mi ní iṣẹ́, pé gbogbo ẹni tí mo bá ràn lọ́wọ́, òun ló ràn wọ́n lọ́wọ́, pé mo dúpẹ́.

Ó gbọ́ ọ títí, ó ń fi apá nu omi ojú rẹ̀, ó ní èéfín ni. Ó wá bojú wo omi. "Dìde, ọma mi, wá jẹun. Omi ti ń fà, ọkọ̀ rẹ kò ní rí ọ̀nà jáde tó bá pẹ́."

A jókòó jẹun. Ó bó ẹja fún mi.